Dídá Ọjọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́: Ìfitónilétí Ìṣísílẹ̀ Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára ní Èdè Yorùbá ní Agbègbè Àgbádárìgì

Àṣamọ̀

Ẹ̀kọ́ orí ayélujára kì í sábà ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ ni a máa ń dá fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ni ó sì máa ń ṣí i nígbà tí ọjọ́ náà bá pé. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìfitónilétí tí ó yẹ kí ó ṣáájú irú ìṣísílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, pàápàá bí ó ṣe kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ etíkun Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ṣe àlàyé ohun mẹ́ta tí ó lè ba ìfitónilétí jẹ́ tí a bá kàn tú u láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ka ọjọ́, ibi tí òru ti pín ọjọ́ kan sí èkejì, àti àmì ohùn tí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà gbé kalẹ̀ ni pé àdéhùn lórí àkókò ni ìfitónilétí jẹ́, àti pé èdè Yorùbá ti ní ìlànà tirẹ̀ fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ìfáàrà

Àgbádárìgì kì í ṣe àlejò nínú ìtàn ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1843, ilé-ìwé àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọ náà. Ní 1845, àwọn míṣọ́nnárì CMS, tí Henry Townsend àti Charles Andrew Gollmer wà lára wọn, dé sí ìlú náà, àwọn náà sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, etí ni a fi ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Agogo a dún, ẹni tí ó wà nítòsí a gbọ́, ẹni tí kò gbọ́ a sì rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sáré lọ.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn yí èyí padà. Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìkọ̀wéránṣẹ́ ní 1974, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó di agogo. Ní 1983 ni a dá Yunifásítì Ṣíṣísílẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NOUN, sílẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gan-an, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983. Ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Adeniran Ogunsanya pè di yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní 2022. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé gbogbo ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ orí fóònù kì í ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀ mọ́ fún olùkọ́ tí ó fẹ́ fi kún ìmọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì, aránṣọ tàbí oníṣòwò.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá jókòó ti fóònù rẹ̀ ní Ajídò tàbí ní erékùṣù Gbẹrẹfú kò rí ẹgbẹ́ kankan tí ó ń sáré lọ. Bí ìfitónilétí kò bá dé, tàbí tí ó dé ṣùgbọ́n tí kò yé e, ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ lè ṣí kí ó sì tì láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tí ó lè pàdánù kì í ṣe kékeré: owó tí ó ti san, ìdánwò tí ó ní àkókò, tàbí ìwé-ẹ̀rí tí ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rọ̀ mọ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣí ẹ̀kọ́

Ọ̀kan lára àwọn ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbilẹ̀ jù ní àgbáyé ni Moodle, èyí tí Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2002. Nínú irú ètò yìí, olùkọ́ lè dá ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀. Ó tún lè sọ pé kí apá kejì má ṣe hàn títí di ọjọ́ báyìí, agogo báyìí. Kọ̀ǹpútà tí ètò náà wà lórí rẹ̀ ní iṣẹ́ àtìgbàdégbà kan tí a ń pè ní cron, èyí tí a máa ń ṣètò kí ó jí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti wo iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ ti tó. Ìwọ̀nyí ni ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, tí ó sì ń ti ìfitónilétí sójú fóònù.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fiyè sí. Ìṣísílẹ̀ àti ìfitónilétí kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ̀kọ́ lè ṣí fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá láìsí ìró kankan lójú fóònù akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé dídá ọjọ́ jẹ́ àṣẹ kan, rírán iṣẹ́ jẹ́ àṣẹ mìíràn. Ẹni tí ó dá ọjọ́ nìkan dà bí baálẹ̀ tí ó ti pinnu ọjọ́ ìpàdé ṣùgbọ́n tí kò pe akéde.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ bí ènìyàn ṣe ń kà á. Irú ètò yìí máa ń pa àkókò mọ́ gẹ́gẹ́ bí iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó ti kọjá láti 1 oṣù kìíní 1970. Lẹ́yìn náà ni yóò yí iye yìí sí ọjọ́ àti wákàtí gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ wà. Orí ìyípadà yìí, àti orí gbólóhùn tí a fi sọ ọ́, ni ìṣòro èdè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkéde, ìfitónilétí àti ìránnilétí

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo iṣẹ́ tí a ń rán. Ìkéde jẹ́ ti gbogbo ìlú. Akéde a lu agogo rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní olúwa kan pàtó. Ìfitónilétí ní olúwa: etí ẹni kan ni a fi ọ̀rọ̀ sí. Ìránnilétí jẹ́ ti ẹni tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ ni a ń ṣe fún ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá. Nínú ètò ìkẹ́kọ̀ọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a nílò. Ìkéde ni pé kọ́ọ̀sì tuntun ń bọ̀. Ìfitónilétí ni pé ẹ̀kọ́ tìrẹ yóò ṣí ní ọjọ́ báyìí. Ìránnilétí ni pé ọ̀la ni. Ìkìlọ̀ ni pé ó fẹ́ tì, ìwọ kò sì tíì wọlé. Ètò tí ó bá ko gbogbo wọn pọ̀ mọ́ orúkọ kan, tí ó sì ń rán wọn pẹ̀lú ohùn kan, yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti má ṣe ka èyíkéyìí.

Àgbádárìgì ní ipò nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní 1885, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àpilẹ̀kọ Gollmer jáde lórí àrokò, ìyẹn iṣẹ́ tí a ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́, òkúta àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rán. Gollmer yìí kan náà ni míṣọ́nnárì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì. Nínú àrokò, iye owó ẹyọ máa ń di ọ̀rọ̀: ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí ó gbà á, ẹ̀jọ sì ń sọ pé ohùn wọ́n jọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìfitónilétí òde òní hàn kedere. Iṣẹ́ kúkúrú lè gbé ìtumọ̀ púpọ̀, bí ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á bá jọ mọ òfin tí a fi ń tú u. Bí òfin bá yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìtumọ̀ ti sọnù.

Kíka ọjọ́: ẹ̀rọ àti ọjà

Òfin tí ó sábà máa ń yàtọ̀ jù ni ti kíka ọjọ́. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Ìjẹta, tí ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀, ni ọjọ́ tí ó ṣáájú àná: òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ èjì, ìjẹta sì pé ẹ̀ta. Bí òní bá jẹ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́jọ òní ni Ajé tí ń bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méje péré ni yóò kọjá láàárín wọn. Ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì, tí àwọn oníṣòwò láti ẹ̀yìn ààlà pàápàá ń ná, jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bí a bá ná an lónìí, a ó tún ná an lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Bákan náà ni ìsán, tí ó jẹ́ ẹ̀sán-án nínú kíkà, ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìtàdógún sì ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀rọ kì í kà báyìí. Gbólóhùn tí a ti kọ sínú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún iye ọjọ́ tí ó kù, iye yìí sì jẹ́ iye wákàtí tí a pín sí mẹ́rìnlélógún-mẹ́rìnlélógún. Òní kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá rán iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì pé ó ku mẹ́ta, ọjọ́ Ajé ni ó ní lọ́kàn. Bí ògbufọ̀ bá wá kọ “ọjọ́ mẹ́ta òní” síbẹ̀, àgbàlagbà tí ó bá kà á yóò ka Ẹtì ní ọ̀kan, Àbámẹ́ta ní èjì, Àìkú ní ẹ̀ta. Yóò ra dátà ní ọjọ́ Àìkú, yóò sì bá ilẹ̀kùn ní títì.

Òdìkejì rẹ̀ burú ju èyí lọ. Bí olùkọ́ tí ó mọ kíka Yorùbá dáadáa bá kọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì pé ìdánwò yóò parí ní ọjọ́ mẹ́ta òní, Àìkú ni ó ní lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé ti kọ́ láti máa kà bí Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà pé òun ní títí di Ajé. Ó lè ti kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ó má sì rí ibi fi í sí mọ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdánwò ti lọ.

“Ọ̀la” àti “ọ̀túnla” náà ní ewu tiwọn. Ìgbà tí a kà á ni ó ń sọ ìtumọ̀ wọn, kì í ṣe ìgbà tí a rán an. Ní àwọn abúlé tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé, iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró déédéé. Iṣẹ́ tí a rán ní ọjọ́ Àìkú lè wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí “ọ̀la” inú rẹ̀ sì ti di àná. Nítorí náà, orúkọ ọjọ́ àti déètì ni ó yẹ kí ó wà nínú ìfitónilétí, kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan. Kí oṣù náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀: 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni lójú ètò tí a ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlò Amẹ́ríkà.

Òru, ìmọ́jú àti ààlà

Agogo méjìlá òru ni àwọn ètò ayélujára sábà máa ń yàn fún ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Bí a bá kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ yóò ṣí ní “agogo méjìlá òru ọjọ́ Ajé”, òru wo ni? Fún ẹ̀rọ, òru tí ó bí ọjọ́ Ajé ni. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òru tí ó tẹ̀lé ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, nítorí pé òru jẹ́ ìparí ọjọ́ tí a ti lò. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ odindi ọjọ́ kan.

Èdè Yorùbá ti yanjú ìṣòro yìí tipẹ́. Ẹni tí ó ń sọ nípa àìsùn ìsìnkú kì í sọ òru kan lásán. Yóò sọ pé òru Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà “mọ́jú” so ọjọ́ méjèèjì pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi òru náà mú. “Agogo méjìlá òru Àìkú mọ́jú Ajé” ṣe kedere ju ohunkóhun tí a lè tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó tilẹ̀ sàn jù kí a yàgò fún òru pátápátá, kí a ṣí ẹ̀kọ́ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, kí a sì tì í ní agogo mẹ́wàá alẹ́.

Ààlà Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí Àgbádárìgì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì máa ń rìn. Aago Nàìjíríà àti ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kò yàtọ̀, nítorí náà ẹni tí ó lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu kò ní ohun tí yóò yí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Lomé ti fi wákàtí kan sẹ́yìn. Ọmọ Àgbádárìgì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago kan náà pẹ̀lú ìlú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, ó sì fi wákàtí kan sẹ́yìn nígbà òtútù. Bákan náà, bí a kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà tí ètò wà lórí rẹ̀ pé aago Nàìjíríà ni kí ó lò, agogo méjìlá tirẹ̀ lè jẹ́ agogo kan lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré, “aago Nàìjíríà”, ni ó ń mú iyèméjì kúrò.

Àmì ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́

Ímeèlì kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ra dátà lójoojúmọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo fóònù, ìbáà ṣe èyí tí kò mọ ayélujára. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ ní òdiwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, ẹyọ kan gba àmì-ìkọ̀wé 160. À, è, é, ì, ò àti ù wà lára àwọn tí òdiwọ̀n yìí gbà, ṣùgbọ́n kò gba ẹ, ọ, ṣ, á, í, ó tàbí ú. Bí ọ̀kan ṣoṣo lára wọn bá wọ inú iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tí ẹyọ kan kò gbà ju 70 lọ. Bí iṣẹ́ bá sì pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gba 67. Lẹ́tà bí ọ́ tàbí ẹ̀ a máa gba àyè méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá dáadáa yóò san owó ju ti ẹni tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ àmì kúrò. Àbájáde rẹ̀ kò dára nínú ọ̀rọ̀ ìṣísílẹ̀ ní pàtàkì. “Eko” lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ tàbí Èkó. “Si” lè jẹ́ ṣí, sí, sì tàbí ṣì. “Ti” lè jẹ́ tì tàbí ti. “Ojo” lè jẹ́ ọjọ́, òjò, tàbí ìlú Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn tí ó bá ní “yoo si” àti “yoo ti” nínú ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì tí iṣẹ́ náà dúró lé lórí sínú òkùnkùn.

Bí owó kò bá gbà kí a kọ àmì, ọ̀rọ̀ tí kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ ní ipò rẹ̀ ni kí a yàn. “Bere” àti “pari” sàn ju “si” àti “ti” lọ. Lóòótọ́, “bere” lè jẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdènà mìíràn tún wà. Láti 2016 ni NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti mú kí ó rọrùn fún oníbàárà láti lo nọ́ńbà 2442 láti dènà àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá rán ìfitónilétí rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà tí àwọn olùpolówó ń gbà, ẹni tí ó ti lo ìdènà yìí lè má rí i, ẹni tí ó rán an yóò sì máa rò pé ó ti dé. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ó fẹ́ kí a gbà bá a sọ̀rọ̀, kí a sì dán an wò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ àti èdè ilé

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọmọdé àti àgbà. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. “Tẹ ibí” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá dé ọwọ́ olùkọ́ àgbà tàbí ìyá ọlọ́jà tí ó ń kọ́ ìṣirò owó, ó lè dà bí àfojúdi, ẹni tí a sì fojú di kì í yára dáhùn. “Ẹ” àti “yín” ni ó tọ́ nínú iṣẹ́ tí ó ń lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí. Ìkíni kúkúrú náà yẹ ní ibi tí àyè bá wà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lé ọjọ́ àti agogo lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí a kò ti ní rí i lójú fóònù.

Yorùbá kò sì ni èdè ilé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Àgbádárìgì. Àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ni ó pọ̀ ní ìlú náà, àwọn Àwórì sì wà ní agbègbè rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ Ògù, èdè kejì ni Yorùbá jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí gbólóhùn fi gbọ́dọ̀ kúrú, tí nọ́ńbà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ díjíìtì, tí òwe àti ẹwà èdè kò fi ní ààyè nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí agbára bá wà, kí a fi èdè Ògù kọ ọ́ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ

Ìfitónilétí tí a tú ní tààrà máa ń rí báyìí: “Kọ́ọ̀sì rẹ yóò di ṣíṣí ní ọjọ́ 3. Tẹ ibí láti bẹ̀rẹ̀.” Kò sọ ọjọ́, kò sọ agogo, kò sọ ìgbà tí yóò parí, kò sì bọ̀wọ̀. Iṣẹ́ kan náà fún oṣù kẹta ọdún 2026 lè rí báyìí:

“Ẹ̀kọ́ 3 yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ajé 9 Máàṣì, agogo 8 àárọ̀. Yóò parí ní Àìkú 15 Máàṣì, agogo 10 alẹ́. Ẹ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín.”

Bí a bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, àmì-ìkọ̀wé 120 ni, ó sì wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan. Pẹ̀lú àmì, ẹyọ méjì ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí yóò ṣi ẹni tí ó mọ Yorùbá lọ́nà, ìbáà ní àmì, ìbáà má ní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wà lókè òkun, kí a fi “aago Nàìjíríà” kún un. Kí a rán an ní ìgbà mẹ́ta: nígbà tí a bá dá ọjọ́, ní ọ̀sán tí ó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ó bá ku ọjọ́ kan kí ó parí. Ti ẹ̀kẹta yìí, kìkì ẹni tí kò tíì wọlé ni kí a rán an sí. Bí ọjọ́ bá yí padà, kí iṣẹ́ tuntun dárúkọ ọjọ́ àtijọ́ kí ó sì sọ pé a ti pa á tì, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì lè dé fóònù kan náà ní àárọ̀ kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbólóhùn tí ẹ̀rọ gbé wá láti ibòmíràn ni iṣẹ́ ẹrú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ògbufọ̀ tí ó kàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ti jẹ́ ẹ bí a ṣe rán an, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè má rí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kíkà tí ó ka òní mọ́ iye, “mọ́jú” tí ó so ọjọ́ méjì pọ̀, ìyàtọ̀ láàárín ìkéde àti ìránnilétí, àti “ẹ” ọ̀wọ̀, gbogbo wọn jẹ́ ìmọ̀ èdè tí ó ní ìwúlò lójú fóònù lónìí. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Yorùbá wà níbi tí a ti ń kọ irú gbólóhùn wọ̀nyí, kí ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pàdánù ìdánwò.